Ẹsẹ̀ Ńkọ́?

Ọmọ mi, àkọ́bí mi, ìwọ tí mo kọ́kọ́ bí tí wọ́n fi ń pè mí ní bàbá, ó pé ọgọ́ta ọjọ́ lónìí tí o gbé báàgì rẹ sínú mọ́tò lẹ́yìn ìsìnkú ìyá rẹ tí o sì juwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta kan, mo kí ọ kú àárò ìyá rẹ. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé òrùlé yín kò jò mọ́? Ṣé ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ ti dín ìbínú kù? Ọlọ́run tó mú ọ gúnlẹ̀ sí ìlú náà kò ní jẹ́ kí ìlú náà gbé ọ mì. Ẹsẹ̀ tí o bá gbé kò ní kọ́, ọwọ́ tí o bá nà kò ní padà lófìfo. Tèmi ńkọ́, mo wà. Mo mọ̀ pé ìyá rẹ ì bá ní kí n má dáhùn báyẹn, kí n kọ́kọ́ wo ara mi dáadáa kí n tó sọ pé mo wà, àmọ́ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀ ná, mo ń bọ̀ wá kàn án.

Ọ̀rọ̀ ilé ni kí n fi ṣíwájú. Ìyá Aránṣọ tó múlé tì wá ń kí ọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ṣì ń pariwo bí ẹni tó ń jẹ egungun, ó sì ṣì ń sọ pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni òun máa tún un ṣe. Òkúta tí ìyá rẹ fi máa ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ṣì wà níbi tó fi í sí. Mo ti ra kọ́kọ́rọ́ tuntun sí ilẹ̀kùn náà, kò nílò òkúta mọ́, mo sì ti kọsẹ̀ lára òkúta ọ̀hún ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àmọ́ mi ò tíì lè gbé e kúrò. Ológbò ìyá rẹ ti gba àpótí kékeré tí ìyá rẹ fi máa ń jókòó. Tí mo bá sún mọ́ ọn, á wò mí bí ẹni tó ń bi mí pé kí ni mo bá wá síbẹ̀. Mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, màá sì padà sẹ́yìn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ fóònù tí o fi sílẹ̀ fún mi. O rántí pé lọ́jọ́ tí ò ń lọ, o gbé e lé mi lọ́wọ́, o ní, Bàbá, inú rẹ̀ ni màá ti máa bá yín sọ̀rọ̀. O fi àwòrán kékeré pupa kan hàn mí, o tẹ̀ ẹ́, dókítà kan tó wọ awò ojú sì yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé àtọ̀gbẹ, pé àìsàn tí a ń bá gbé ilé ni, kì í ṣe àlejò tí í ti ẹnu ọ̀nà padà. O tún kìlọ̀ fún mi pé tí nọ́ńbà tí kò lórúkọ bá pè, kí n má gbé e, pé olè ti pọ̀ níta, wọn a sì máa pe ara wọn ní ọmọ ẹni. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo fi í sáyà. Ọmọ mi, gbogbo wàhálà tí mo fẹ́ ròyìn yìí, ohun tó fà á ni pé mo gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu ju bó ṣe yẹ lọ.

Lọ́jọ́ kejì tí o lọ, mo tẹ àwòrán pupa náà. Dókítà àná kò sí níbẹ̀, obìnrin kan ló yọ, òun náà ń sọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ. Mo ní, háà, ọmọ mi ti dé ibi iṣẹ́, ó ti rán ẹlòmíràn sí mi. Láti ọjọ́ náà, tí iṣẹ́ bàtà bá ti parí nírọ̀lẹ́, màá fọwọ́, màá wọ ẹ̀wù tó mọ́, màá gbé fóònù ti ìgò omi lórí tábìlì, màá sì jókòó síwájú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá yọ, màá kí i. Màá ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ kú iṣẹ́, ọmọ mi ńkọ́? Wọn kì í dáhùn, wọ́n á kàn máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Mo sọ fún Ìyá Aránṣọ pé àwọn tí ọmọ mi ń rán sí mi mọ̀wé, àmọ́ wọn ò mọ ìkíni. Ó ní ìlú ńlá ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀. Tí mo bá fẹ́ fi ṣúgà bíńtín sí tíì mi, màá fi aṣọ bo ojú fóònù ná, kí dókítà má bàa rí i kó lọ sọ fún ọ. Mo ṣì ń fi aṣọ bò ó títí di òní. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ti sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó ń rí mi láti inú rẹ̀, àmọ́ bó ṣe sọ ọ́ kò fi mí lọ́kàn balẹ̀ tó.

Mo gbádùn rẹ̀, kí n má purọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo rí ọkùnrin kan tó ń rán bàtà ọmọdé, mo jókòó tì í títí tó fi gé òwú ìkẹyìn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì ṣú tí fídíò bàtà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, bàtà awọ, bàtà òjò, bàtà àwọn ológun. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní ọmọ mi kò gbàgbé iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi rán an nílé ìwé. Lọ́jọ́ mìíràn, obìnrin kan yọ, ó ń sọ bó ṣe máa ń rí fún àwọn tí ẹnì kejì wọn ti kú, pé ẹ̀gbẹ́ kan ibùsùn á máa tutù bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn yẹn fún ẹnikẹ́ni. Mo ní, báwo ni ọmọ yìí ṣe mọ̀? Mo ní, ó mọ̀ nítorí pé ọmọ mi ni.

Àmọ́ ìmọ̀ràn rẹ kò dúró sójú kan. Lọ́jọ́ Ajé, o rán ọkùnrin kan tó ní búrẹ́dì ni ọ̀tá mi. Mo kó búrẹ́dì mi fún Ìyá Aránṣọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, o rán obìnrin kan tó ní búrẹ́dì kò ṣe nǹkan kan, ọsàn ni kí n sá fún. Mo lọ gba búrẹ́dì mi padà, ó ti jẹ ẹ́ dé ìdajì, mo sì kó ọsàn fún un. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ẹnì kan ní ọsàn dára gan-an, ẹ̀wà ló yẹ kí n ṣọ́ra fún. Ìyá Aránṣọ ní kí ọmọ mi jọ̀ọ́ má dákẹ́, pé ilé ìdáná òun kò kún tó báyìí rí. Inú kò bí mi sí ọ. Mo ní ìyá rẹ gan-an lo jọ yìí, ẹni tó máa ní kí n jókòó, tí mo bá jókòó tán, á bi mí pé ta ló ní kí n jókòó.

Ẹ̀rọ kékeré tó ń lá ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n fún wa nílé ìwòsàn láti fi ṣọ́ àtọ̀gbẹ mi, ìyá rẹ ló máa ń lò ó fún mi. Á gún ìka mi, á wo ojú rẹ̀, á ní ó dáa tàbí kò dáa. Èmi kì í wò ó. Nígbà tó wá ku èmi nìkan, mo gún ara mi, mo gbé ẹ̀rọ sójú, mo rí i pé ó fún mi ní ọ̀ọ́dúnrún ó lé díẹ̀. Ọmọ mi, ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà nílé ìwé, olùkọ́ kò fún mi tó àádọ́ta rí nínú ọgọ́rùn-ún. Mo pe Ìyá Aránṣọ kó wá wò ó. Ó kí mi kú oríire. Ó ní ó pẹ́ tí òun ti mọ̀ pé ọpọlọ wà lórí mi, olùkọ́ ni kò rí i. Lọ́sẹ̀ kejì ó tún ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó rẹ̀ mí, òùngbẹ ń gbẹ mí, ilẹ̀ kì í mọ́ kí n má dìde tọ̀ ní ìgbà mélòó kan, àmọ́ mo ní bí ìwé kíkà ṣe ń rí nìyẹn, ó máa ń tán ni lókun.

Ìgbà náà ni o rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá, eyín rẹ̀ funfun, apá rẹ̀ ki pọ́pọ́. Ó ní oògùn ilé ìwòsàn ló ń dá àtọ̀gbẹ dúró sára, pé kí a pa á tì, kí a máa mu omi gbígbóná láàárọ̀, kí a máa fọwọ́ lu àyà, kí a sì máa sọ fún ara wa pé ara mi ti yá. Ká ní ẹlòmíràn ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lójú ọ̀nà, màá ní kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Àmọ́ mo ní ìwọ lo rán an, ìwọ tí o ti ń bẹ̀ mí láti ọjọ́ yìí pé kí n tọ́jú ara mi. Mo kó oògùn sínú agolo ìṣó, mo dé e. Mo ń mu omi gbígbóná. Mo ń lu àyà débi pé Ìyá Aránṣọ wá kan ilẹ̀kùn, ó ní ta ló ń lu awọ ní kùtùkùtù báyìí, ṣé iṣẹ́ ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni?

Láàárín gbogbo èyí, olè kan kò jẹ́ kí n sinmi. Nọ́ńbà kan tí kò lórúkọ ni. Ìgbà tí mo bá jókòó, tí mò ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ lọ́wọ́, ló máa ń pè, fídíò á sì dákẹ́ lójijì. Màá tẹ àmì pupa tó ń pa ìpè, kí ọ̀rọ̀ rẹ lè padà wá. Á tún pè, màá tún tẹ pupa. Ó wá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ó ní, Bàbá mi, èmi ni o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé e. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọmọ mi ti sọ irú yín fún mi. Mo fara balẹ̀, mo fi ìka kan ṣoṣo kọ èsì, ó gbà mí ní odidi ìrọ̀lẹ́. Mo ní, olè, jáwọ́ lára mi, ọmọ mi ń bá mi sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, mi ò wá ọmọ mìíràn. Àtìgbà náà ni ìpè ti dáwọ́ dúró. Mo sọ fún Ìyá Aránṣọ pé mo ti ṣẹ́gun olè. Ó ní ọkùnrin ni mí.

Jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mi ò rò pé o mọ̀, nítorí pé o ti lọ sí ìlú ńlá nígbà tí wọ́n rí àtọ̀gbẹ lára mi. Lọ́jọ́ náà, nọ́ọ̀sì sọ fún èmi àti ìyá rẹ pé àìsàn yìí máa ń pa ẹsẹ̀ lẹ́nu mọ́, pé ẹsẹ̀ lè máa jìyà kó má lè ké, nítorí náà kí a máa wò ó láràárọ̀. Bí ìyá rẹ ṣe sọ ọ́ di ìkíni nìyẹn. Láràárọ̀, kí n tó wọ bàtà, á gbé àpótí kékeré rẹ̀ wá síwájú mi, á gbé ẹsẹ̀ mi lé orúnkún, á sì máa kí i bí ẹni tó wọ ilé onílé. Á ní, ẹ ǹlẹ́ nílé yìí o, ṣé ẹ jí ire? Àtàǹpàkò ńkọ́? Màá ní ó wà. Àbúrò rẹ̀ ńkọ́? Ó wà. Ọmọ ìkẹyìn yìí ńkọ́, ṣé kò bá ẹnikẹ́ni jà lóru? Kò jà. Baálé ilé ńkọ́? Gìgísẹ̀ ló ń pè bẹ́ẹ̀, nítorí pé òun ló ń ru gbogbo ẹrù. Tí mo bá sáré dáhùn, á gbá mi lẹ́sẹ̀, á ní kí n má dáhùn bí ẹni tí onílé wá béèrè owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀, kí n wò ó kí n tó lanu. Nígbà tó bá kí wọn tán, á ní kí wọ́n gbé mi lọ, kí wọ́n sì gbé mi bọ̀. Ọdún lọ, ọdún bọ̀, kò pa á jẹ. Nígbà tí àìsàn tirẹ̀ dá a dùbúlẹ̀, orí ibùsùn ló ti ń ní kí n gbé ẹsẹ̀ wá. Mo ní kó fi ara rẹ̀ lọ́rùn sílẹ̀. Ó ní òun kò tíì rí ibi tí èèyàn ti ń kọjá lára ará ilé láìkí wọn.

Àtìgbà tí a ti sin ín, kò sẹ́ni tó kí ẹsẹ̀ mi mọ́. Èmi náà kò lè kí i. Tí mo bá jí, màá ti ẹsẹ̀ bọ bàtà kíákíá, màá gbójú sókè, bí ẹni tó jẹ gbèsè tó ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Mo bá Ìyá Aránṣọ tún bàtà rẹ̀ ṣe, mo sì gbé e lọ fún un nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ tán ni. Mo wọlé, mo lọ síbi fèrèsé kó lè rí ojú rírán rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀, mo yí gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, mo padà síbi tábìlì. Ló bá figbe ta. Ó ní ta ló ń ṣẹ̀jẹ̀ kiri ilé òun? Mo wolẹ̀, mo rí ẹ̀jẹ̀ lóòótọ́, ó tò lọ bí ẹni pé wọ́n fi ẹsẹ̀ lu òǹtẹ̀ sílẹ̀. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, èmi wà níbí. Mo tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ náà dé ibi fèrèsé, mo ká aṣọ fèrèsé sókè, kò sẹ́nì kankan. Mo tẹ̀lé e gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, mo bẹ abẹ́ tábìlì wò. Mo ní ọ̀rọ̀ yìí le o, ẹni náà kò tíì jáde, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún ń pọ̀ sí i. Ìyá Aránṣọ ti fa àga kan wá nígbà náà. Ó ní, Bàbá, ẹ jókòó. Mo ní kì í ṣe àsìkò ìjókòó, kó mú igi kan dání. Ó ní, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ni.

Ìṣó bàtà ni, èyí tó kúrú, tí èmi fúnra mi ń kàn lójoojúmọ́. Ó ti gba abẹ́ bàtà mi wọlé, ó lọ dúró sínú àtẹ́lẹsẹ̀ mi bí ẹni tó rí ibùsùn. Mi ò mọ ọjọ́ tó dé. Kò dùn mí. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn, pé kò dùn mí. Èmi tí mo lè gbé bàtà ẹni tí mi ò rí rí, kí n sọ pé ẹni yìí ń tẹ̀ sápá òsì, ẹni yìí kì í gbé ẹsẹ̀ nílẹ̀ tán, ìṣó ọwọ́ mi wà nínú ẹran ara mi, èmi sì ń wá ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Ìyá Aránṣọ fi aṣọ di ẹsẹ̀ mi, ó wá ọkọ̀, ó gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì àtijọ́ yẹn náà la bá níbẹ̀, èyí tí ẹnu rẹ̀ ń gún ni ju abẹ́rẹ́ lọ. Ó fa ìṣó yọ, ó fọ ojú ọgbẹ́, ó sì fi ẹ̀rọ tirẹ̀ lá ẹ̀jẹ̀ mi. Nígbà tó rí nọ́ńbà tó jáde, ó kọ háà. Mo rẹ ara mi sílẹ̀, mo ní kì í ṣe mímọ̀ọ́ṣe mi, Ọlọ́run ni, pé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá tilẹ̀ ga jù ú lọ. Ó wò mí, ó wo Ìyá Aránṣọ. Ìyá Aránṣọ ní lóòótọ́ ni, òun jẹ́rìí sí i. Nọ́ọ̀sì jókòó. Ó ṣàlàyé fún àwa méjèèjì pé ti ẹ̀rọ yìí kì í ṣe máàkì ilé ìwé, pé bó bá ṣe ń ga sí i ni ewu ń súnmọ́. Ó ní ká ní mo tún fi ọjọ́ díẹ̀ rìn lórí ìṣó yẹn, gígé ni wọn ì bá gé ẹsẹ̀ náà. Ó bi mí pé ta ló ní kí n pa oògùn tì. Mo ní ọmọ mi ni, láti ìlú ńlá. Ó ní irú ọmọ wo ló ń pa bàbá rẹ̀ láti òkèèrè?

Ọmọ mi, mo bínú. Ẹsẹ̀ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bínú sí i. Mo ní kó má fẹnu kan ọ́, pé lójoojúmọ́ lo ń rán èèyàn sí mi, pé o kò jẹ́ kí n dá nìkan wà ní ìrọ̀lẹ́ kankan láti ọjọ́ tí ìyá rẹ ti lọ. Mo yọ fóònù, mo ní kó wò ó. Ó nu ọwọ́, ó gbà á, ó ń wò ó lọ. Ohùn rẹ̀ wá rọ̀. Ó ní, Bàbá, kò sẹ́ni tó rán àwọn wọ̀nyí sí yín. Ó ní ṣe ni fóònù ń ṣọ́ ohun tí mo bá wò pẹ́, á sì lọ wá irú rẹ̀ wá. Ẹ wo bàtà, ó gbé bàtà wá. Ẹ wo àìsàn, ó gbé àìsàn wá, ó gbé dókítà tòótọ́ àti oníjìbìtì pọ̀, kò mọ ìyàtọ̀. Mo bi í pé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn tó ń tutù yẹn ńkọ́? Ó ní bóyá mo ti rí ẹnì kan tó ń sunkún rí, tí mo wò ó dé òpin. Lóòótọ́ ni mo wò ó dé òpin.

Ó tún tẹ fóònù síwá sẹ́yìn. Ó rí gbogbo ìgbà tí nọ́ńbà yẹn pè. Ó ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà, ó ka èsì mi. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan tún wà tó wọlé lẹ́yìn èsì mi, tí èmi kò ṣí. Ó kà á sí mi létí. O ní, ó dáa, Bàbá mi, inú mi dùn pé ẹ rí ọmọ tó ń bá yín sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, ẹ má gbàgbé oògùn yín. Nọ́ọ̀sì yìí tí kì í fi ẹnu sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kò bú mi. Ó ní, Bàbá, ọmọ yín nìyí. Nígbà tí mo délé, mo lọ wo nọ́ńbà rẹ tí o fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù kí o tó lọ, tí àwa méjèèjì kò rántí fi orúkọ sí nínú fóònù, mo fi wé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun náà ni. Láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń jókòó sábẹ́ ògiri yẹn, mò ń pa ọ́ lẹ́nu mọ́ kí n lè ráyè gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ.

Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà. Àwọn ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn, èmi ni mò ń bá ara mi sọ̀rọ̀, mi ò sì dá ohùn ara mi mọ̀. Fóònù mọ ohun tí ojú mi ń wò, kò mọ̀ mí. Ká ní ó mọ̀ mí ni, ì bá ti béèrè ẹsẹ̀ mi. Kì í béèrè nǹkan kan, ó kàn ń sọ ni. Rédíò àtijọ́ wa kò ṣe irú èyí, ó mọ̀ pé òun kò mọ ẹni tó ń gbọ́ òun, ó ń kí gbogbo ayé pọ̀, kò tan ẹnikẹ́ni pé tìẹ nìkan ni òun ń ṣe. Ìyá rẹ kò mọ̀ ju orúkọ àìsàn mi lọ, kò lè ṣàlàyé rẹ̀ bí àwọn aláwò ojú yẹn. Àmọ́ ó máa ń béèrè, á sì dúró gbọ́ èsì. Mo rò pé òun ló mọ ara mi fún mi, tí mo kàn ń gbé inú rẹ̀ bí ayálégbé. Nísinsìnyí, ilé ti ku èmi nìkan, mo ní láti mọ ibi tó ti ń jò.

Mo ti pè ọ́. Nọ́ọ̀sì ló fi orúkọ rẹ sí nọ́ńbà náà. Obìnrin kan ló gbé e, ohùn rẹ̀ dùn, ó ní ẹni tí mò ń pè kò sí nítòsí. Mo kí i, mo ní kó bá mi sọ fún ọ pé bàbá rẹ ti mọ ẹni tó ń pè. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀, ó tún ohun kan náà sọ. Mo pè é ní ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta, òun náà ló ń gbé e. Ìyá Aránṣọ ní ó jọ pé ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá ni, pé ó lè jẹ́ pé ó ń jowú. Bóyá o ti yí nọ́ńbà padà ni o, bóyá o ń bínú ni o, mi ò mọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Lẹ́tà kò ní pupa tí èèyàn lè tẹ̀.

Tí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, bá mi fi díẹ̀ ránṣẹ́, nítorí àwọn ìwé pélébé tí ẹ̀rọ ń lá ẹ̀jẹ̀ lórí wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, mo ti fi wọ́n ṣe ìdánwò ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tí mo rò pé mò ń gba ipò kìíní. Tí owó kò bá sí, má yáwó, màá rán bàtà díẹ̀ sí i. Ohun tí mo fẹ́ ju owó lọ ni pé kí o pè. Ọ̀sán ni o, òru ni o, màá gbé e. Tí mo bá sì gbé e, má bi mí pé ṣé dáadáa ni, nítorí màá ní dáadáa ni. Bi mí pé ẹsẹ̀ ńkọ́. Tí mo bá yára dáhùn, ní kí n lọ wò ó ná.

Ọgbẹ́ náà ń jiná, nọ́ọ̀sì ní ẹran tuntun ti ń yọ. Mo ti kó oògùn kúrò nínú agolo ìṣó, mò ń lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọlọ́run yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ibi tí ojú rẹ kò tó, ojú Rẹ̀ yóò bá ọ tó o. O kò ní rìn lórí ohun tí yóò gún ọ láìmọ̀. Ẹni tí yóò máa béèrè rẹ kò ní wọ́n ọ láyé, bí kò tilẹ̀ ju ẹnì kan lọ.

Láàárọ̀ òní, mo gbé ológbò kúrò lórí àpótí. Ó bínú, ó jáde. Mo jókòó síbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, mo gbé ẹsẹ̀ lé orúnkún ara mi, egungun ẹ̀yìn mi ké, mo sì ní, ẹ ǹlẹ́ nílé yìí o, ṣé ẹ jí ire? Ohùn mi kò dára tó tirẹ̀, mo sì gbàgbé ọmọ ìkẹyìn, mo ní láti padà lọ kí i. Títí ìwọ yóò fi pè, èmi ni màá máa kí wọn. Lọ́la, kí n tó fọwọ́ kan òòlù, màá béèrè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, màá sì wò wọ́n dáadáa kí n tó dáhùn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.